Kí Ẹ Tó Kun Ògiri Yín, Ẹ Jẹ́ Kí N Yà Á

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n fèsì sí lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá tó kọ ọ́ pe ara wọn ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó sọ tèmi. Wọ́n bínú sí àwa tí à ń gbé fóònù kiri ìlú, tí à ń ya ògiri tó ti ṣá, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti pálọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ní òṣì wa là ń yà fún aráyé wò. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ya Ìjẹ̀bú-Òde, kó dúró de ayẹyẹ ọdọọdún Ojúde Ọba. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo wà lára àwọn tí wọ́n ń bá wí, torí n kò tíì rí ẹlòmíràn ládùúgbò wa tó ń ya pálọ̀.

Kọ́tìnnì ni mò ń rán, ní Mólípà. Ó di ọdún kejìlélógún báyìí. Iṣẹ́ yìí ló ń gbé mi wọ inú ilé onílé. Ẹni tó máa rán kọ́tìnnì gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀, kó wọ yàrá, kó gorí àga, kó na téèpù láti òkè fèrèsé dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá ti gorí àga, ohun tí onílé kò rí mọ́ ni èmi máa ń rí: etí àjà tí káfíńtà fi ayùn gé wínníwínní bí etí léèsì, èéfín àtùpà tó ti pa ògiri dúdú láti ìgbà tí iná mànàmáná kò tíì dé, orúkọ bíríkìlà tó fi ìṣó kọ sára sìmẹ́ńtì kó tó gbẹ, níbi tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní wò.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ya fọ́tò kan lójúmọ́. Ẹyọ kan ni. Bí mo bá ní kí n máa ya mẹ́wàá, n kò ní wo ọ̀kankan dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ wọn fèrèsé, inú ilé ni mo máa ń yà, bí onílé bá gbà. Lọ́jọ́ tí n kò bá rí oníbàárà, màá fẹsẹ̀ rìn gba Fọlágbádé lọ sí Òkè-Ajé, ògiri tó bá dá mi dúró lọ́nà ni mo máa yà. N kò kọ́ṣẹ́ fọ́tò, fóònù ni mo ń lò, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Mo fẹ́ràn Ojúde Ọba. Mo ní ẹgbẹ́, mo sì máa ń bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi, ìyẹn àwọn ojúgbà mi, jáde. Nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba lọ káàkiri àgbáyé ní 2024, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀, mo ní ẹ wá wo ìlú wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, olówó á ti gbéra padà sí Èkó, ẹṣin á ti wọlé, a ó sì bọ́ aṣọ òkè sínú àpótí. Ìlú ṣì wà níbẹ̀. Ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ta ló ń ya ìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yin òǹkàwé dé iwájú ògiri kan. Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ ata ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ ọjà Òkè-Ajé. Wọ́n kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, òkè rẹ̀ funfun. Lórí funfun yẹn, obìnrin kan gbé báàfù ata rù, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì lé ìbàdí. Bí èèyàn bá wà lódìkejì títì, ohun tó máa rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn. Ata inú báàfù náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kùn. Rodo yàtọ̀ sí ṣọ̀ǹbọ̀, tàtàṣé sì ní ìlà funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí oòrùn ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀. Wọ́n kọ A Ń LỌ ATA sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní òjìji lápá òsì. Òjìji obìnrin náà wà lápá òsì pẹ̀lú. Ẹni tó kùn ún ti ro ibi tí oòrùn ti ń bọ̀ kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Mo wá ẹni náà títí mo fi rí wọn. Wọ́n ti dàgbà, ojú wọn kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í gorí àkàbà mọ́. Mo bi wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é tí lẹ́tà fi máa ń tò gbọnrangandan lórí ògiri tó rí gbágungbàgun. Wọ́n ní àwọn kì í lo rúlà. Àwọn á fi ẹfun pa okùn òwú, ọmọṣẹ́ á di ẹ̀gbẹ́ kan mú, àwọn á di ìkejì mú, wọ́n á fà á le mọ́ ògiri, àwọn á fi ìka méjì fa àárín rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí okùn bá ti gbá ògiri, ìlà á ti dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni pẹ́ńsù, ẹ̀yìn pẹ́ńsù ni ọ̀dà. Èmi náà máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pa ìlà sára aṣọ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Ṣé ẹ rí i, oníṣẹ́ ọwọ́ mọ oníṣẹ́ ọwọ́. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní kí ìyàwó àwọn gbé omi wá fún mi.

Ní oṣù tó kọjá ni wọ́n kan fúlẹ́ẹ̀sì, aṣọ ike ìpolówó, mọ́ ògiri yẹn. Ìṣó kan wọ èjìká obìnrin náà. N kò bá ẹlẹ́rọ jà. Ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣe fúlẹ́ẹ̀sì náà, nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, ọjọ́ kan péré ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta aṣọ fèrèsé mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí àwọ̀. Pupa ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Fúlẹ́ẹ̀sì tó bá kọjú sí oòrùn, kò ní pẹ́ tí ata orí rẹ̀ á fi di àwọ̀ eérú, tí afẹ́fẹ́ á sì fà á ya. Obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1998. Ọdún náà wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kọ ọ́.

Bàbá olùkọ́ pe irú nǹkan báyìí ní òṣì. Òṣì wo? Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa, ọ̀nà Ìjẹ̀bú là, ilé ìwé dé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí gbilẹ̀, owó kòkó àti owó obì wọlé. Owó yẹn ni àwọn bàbá wa fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó ló gbé ọnà ilé yẹn dé, òpó ọlọ́nà, òkè fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ, òdòdó sìmẹ́ńtì lórí ilẹ̀kùn. Àwọn bíríkìlà wa wò ó, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì fi ti wọn kún un. Ẹ lọ sí Ṣàgámù, níbi tí àwọn ìlú Rẹ́mọ ti para pọ̀ tẹ̀dó ní 1872, ẹ gbójú sókè wo iwájú àwọn ilé àtijọ́ tí owó obì gbàǹja kọ́. Ẹni tó bá ya irú ilé bẹ́ẹ̀, ọlà ló yà. Pé páànù rẹ̀ ti ń dípẹtà kò sọ pé kì í ṣe ọlà.

A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé yóò máa dúró dè wá. Ilé kan wà ní Tinúbú ní Èkó, Ilojo Bar ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tí òfin ń ṣọ́ nìyẹn o. Pálọ̀ bàbá ẹnì kan ní Pórógun tàbí ní Màkún ńkọ́, tí kò sófin kankan tó ń ṣọ́ ọ?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kun ilé rẹ̀. Bí a bá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ibẹ̀, tuntun a sì máa bo ti àtẹ̀yìnwá. Àṣà wa ni kí ògiri máa gba ọ̀dà tuntun. Irun dídì náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni irun ń lò lórí kí a tó tú u? Síbẹ̀ bàbá J. D. 'Okhai Ojeikere, oníṣẹ́ fọ́tò, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tó fi Èkó ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ní 1968, wọ́n sì yà á tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kí wọ́n tó kú ní 2014. Ẹ̀yìn orí ni wọ́n máa ń yà jù, kí ọwọ́ onídìrí lè hàn. Wọ́n ti tú irun wọ̀nyẹn tipẹ́. Àwọn ọmọ mi obìnrin ti gbé fóònù lọ síwájú onídìrí, wọ́n ní bí èyí ni kí ó di tiwọn.

Ti ìta tilẹ̀ sàn, nítorí gbogbo èrò ọ̀nà ló lè jẹ́rìí sí i. Pálọ̀ ni mò ń bẹ̀rù fún. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wọlé nìkan ló rí i.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ bàbá kan ní Pórógun pè mí wá wọn fèrèsé. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Sìmẹ́ńtì pupa ni ilẹ̀ pálọ̀ wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìpara pupa dán lọ́jọ́ Sátidé, ó ń kọ yànrànyànràn, àfi ojú ọ̀nà tóóró kan láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí àga bàbá, tí ẹsẹ̀ ti hó. Fọ́tò mọ́kànlá wà lókè lẹ́bàá àjà. Bí a ti máa ń gbé e kọ́ nílé wa ni wọ́n gbé e kọ́, okùn ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, orí fíréémù sì tẹ̀ wá síwájú, kí àwọn tó ti lọ lè máa wo ẹni tó jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ògiri ni mo fẹ́ sọ. Ìdajì ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ ewé, ìdajì òkè funfun. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, òdòdó pupa kéékèèké tò yí pálọ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo rò pé bébà ni wọ́n lẹ̀. Bàbá ní rárá o, ìyàwó àwọn ló ṣe é, lọ́dún tí àwọn kó wọlé, 1971. Ọsibítù ni ìyá náà ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n gba ike fọ́tò egungun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, wọ́n fi abẹ gé òdòdó sí àárín rẹ̀, wọ́n ń gbé e lé ògiri, wọ́n ń fi fóòmù kékeré tẹ ọ̀dà sí i, wọ́n ń sún un síwájú, alẹ́ mẹ́rin gbáko, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Mo gorí àga, mo kà á. Òdòdó 173. Ọ̀kan dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì. Bàbá ní alẹ́ kẹta nìyẹn, ó ti rẹ̀ wọ́n.

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n yà á. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n dé fìlà jáde. Mo ní ògiri ni mo fẹ́ yà o, Bàbá. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Nígbà tí mo gbé kọ́tìnnì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti fi PVC ṣe àjà, wọ́n ti lẹ táìlì, ògiri ti di àwọ̀ kíríìmù láti òkè délẹ̀. Ìfẹ́ bàbá wọn ló mú àwọn ọmọ náà náwó, òrùlé tó ń jò sì ti dẹ́kun jíjò. Kọ́tìnnì tèmi wà lára iṣẹ́ tuntun yẹn, mo sì gbowó rẹ̀. N kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí mo ti gorí àga láti kan irin kọ́tìnnì, mo fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kejì. Ọ̀dà kíríìmù náà kò nípọn. Etí òdòdó tó dorí kodò yẹn ṣì ga díẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Bàbá ń wò mí láti orí àga wọn. Wọ́n ní, "O rí i?" Mo ní, "Mo rí i, sà."

Mo lọ tẹ fọ́tò náà sórí bébà ńlá, mo ṣe fíréémù sí i, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n gbé e kọ́ sókè pẹ̀lú àwọn mọ́kànlá yòókù, orí rẹ̀ tẹ̀ wá síwájú. Bàbá olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi, ṣé òṣì ni mo yà níbẹ̀?

Ibì kan wà tí mo gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ pátápátá. Ẹ ní àwọn kan máa ń yọ́ ya ilé onílé, ya ẹni tó ń wẹ̀, ya ìyá arúgbó tó wọ ìró nìkan, wọ́n á gbé e sórí Facebook, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sín sí i. Ìwà burúkú gbáà ni. Èmi kì í yà láìbéèrè. Bí onílé bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí. N kì í ya ibùsùn, n kì í ya oògùn aláìsàn, n kì í ya ilé ìdáná tí wọn kò tíì palẹ̀ mọ́. Ilédì, ilé awo àwọn Ọ̀ṣùgbó, mo máa ń kọjá ibẹ̀ ni, n kì í na fóònù sí i. Bí mo bá sì yà tán, mo máa ń fi han onílé lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni mo máa ń pa rẹ́ níṣojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ya pálọ̀ ilé yín, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà á. Ẹ má tan iná fóònù, yóò kọ mọ́nàmọ́nà lójú gíláàsì fọ́tò tó wà lára ògiri, yóò sì sọ gbogbo ara ògiri di pẹrẹsẹ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní òwúrọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà, ẹ fara ti ògiri kejì, kí ẹ sì gbé fóònù sí ìwọ̀n àyà. Ohun tó ṣe pàtàkì ju fọ́tò lọ ni kí ẹ béèrè ẹni tó ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin ló ti kún lọ́wọ́ mi: ọjọ́, àdúgbò, ẹni tó kùn ún, ẹni tó gbà mí láàyè.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Nígbà tí fóònù mi kọ́kọ́ bàjẹ́, mo gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ọdún méjì àkọ́kọ́ lọ níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ilé mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti wó, n kò sì lè tún wọn yà láéláé. Ìwé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló kù tí mo fi mọ̀ pé mo wọ ibẹ̀ rí.

Olóòtú, ohun tí mo wá tọrọ rèé. Ojú ìwé tí ẹ fi ń gbé fọ́tò òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó pọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, ó dára, àwa náà ń wá ojú ara wa níbẹ̀. Ẹ yọ àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ògiri kan tàbí pálọ̀ kan, láti Ìjẹ̀bú, láti Rẹ́mọ, láti ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ka ìwé yín. Kí orúkọ ẹni tó kùn ún tàbí tó kọ́ ọ wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe tèmi. Àwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, àwọn káfíńtà alájà, àwọn ìyá tó fi alẹ́ mẹ́rin tẹ òdòdó sára ògiri, wọn kò rí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn rí. Àwọn díẹ̀ ṣì wà láyé tí wọ́n lè kà á.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ fẹ́ kun ilé kí ọdún tó dé, ẹ pe ọmọ yín kan kó ya ibẹ̀ kí ọlọ́dà tó gbé àkàbà dé. Bí kò bá sí ọmọ nílé, tí ilé sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ béèrè Màmá Oníkọ́tìnnì ní Mólípà, màá wá, ọ̀fẹ́ ni.

Mo fi fọ́tò mẹ́rin sínú lẹ́tà yìí. Ẹ lè lo ti obìnrin aláta, ti àjà tó dà bí léèsì, àti ti orúkọ bíríkìlà, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ti òdòdó 173 ni ìkẹrin. Ẹ fi ìyẹn sọ́wọ́ ná títí tí mo fi máa pè yín. Bàbá ní ọmọbìnrin àwọn tó wà ní Jọ́ọ̀sì kò tíì rí i, àwọn kò sì fẹ́ kó jẹ́ inú ìwé ìròyìn ni yóò ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Màmá Oníkọ́tìnnì,
Mólípà, Ìjẹ̀bú-Òde.